Omi Ìyá Inú Dúrọ́ọ̀mù Búlúù

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka ìtàn yìí, ẹ gbọ́ èyí ná. Bí ẹ̀gún ẹja àrọ̀ bá gún yín lọ́wọ́, ẹ má fi omi tí ẹja náà wà nínú rẹ̀ fọ ojú egbò. Ẹ má ṣe é, ì báà jẹ́ ìyá tó bí yín lọ́mọ ló ní kí ẹ ṣe é. Omi tó mọ́ àti ọṣẹ ni kí ẹ wá. Bí ọwọ́ bá sì wú, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ wo bó ṣe máa rí lọ́la. Mo ti kìlọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ń jẹ́ Mùsílímátù. Ní Ìkòròdú tó ti ń ta ẹja àrọ̀ láàyè, Ìyá Waliyah ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, nítorí Waliyah ni àkọ́bí rẹ̀. Ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Ìwé kẹrin ló kà kó tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ó lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ó lè ka ibi tí bọ́ọ̀sì ń lọ, ṣùgbọ́n ìwé tó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, Waliyah ló ń bá a kà á. Ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá bi í ní nǹkan, á kọ́kọ́ wò yín lójú, á wo ẹ̀yìn yín bóyá ẹnìkan ń bọ̀, kó tó dáhùn, ìdáhùn náà kì í sì í ju gbólóhùn kan lọ. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa ń pè é ní agbéraga. Ẹ̀rù ló ń bà á. Láti kékeré ni ẹ̀rù ti ń bà á. Ó kàn mọ bí wọ́n ṣe ń rìn bí ẹni tí ẹ̀rù ò bà ni.

Ohun kan ṣoṣo ló dá a lójú láyé: ẹja rẹ̀ kì í kú. Bó bá kó wọn dé láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, títí di ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀lé e, wọ́n á ṣì máa fi ìrù na ara dúrọ́ọ̀mù. Dúrọ́ọ̀mù náà jẹ́ búlúù, ó ga dé ìbàdí rẹ̀, etí rẹ̀ sì ti jẹ níbi tí okùn máa ń gbà. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ àrọ̀ tó lágbára, ìdí dúrọ́ọ̀mù búlúù ni wọ́n ń júwe fún un.

Òkè-Adágún ló ti ń kó ẹja rẹ̀, ìlú kékeré kan lápá Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n bí i sí. Adágún omi aládùn wà níbẹ̀, igbó yí i ká, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Bàdírù, sì ń fi ọkọ̀ ojú omi pẹja lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ta ẹja láàyè ní èbúté yẹn ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́. Wọn kì í da omi inú dúrọ́ọ̀mù nù tán. Wọ́n gbà pé bí ẹja bá kúrò ní adágún bọ́ sínú omi ìlú mìíràn, àyà rẹ̀ á já, á sì kú, àfi bó bá bá omi tó mọ̀ níbẹ̀. Torí náà, bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ omi, wọ́n á ṣẹ́ díẹ̀ kù sí ìsàlẹ̀, wọ́n á wá bu omi tuntun lé e lórí. Èyí tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní omi ìyá. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọṣẹ́ á gbé kẹ́ẹ̀gì lọ bá àgbà, á kúnlẹ̀, àgbà á sì bu omi ìyá fún un láti inú tirẹ̀.

Ìyá Hàbíbàt ló bu ti Mùsílímátù fún un. Ọdún kọkànlélógún nìyẹn. Ìyá Hàbíbàt ni àgbà nínú gbogbo ẹlẹ́ja èbúté, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í sókè. Ó ní, "Ọjọ́ tí o bá da omi yìí nù tán, ọjọ́ náà lo kúrò nídìí ẹja." Ó tún kọ́ ọ pé bí ẹ̀gún àrọ̀ bá gún un, kó ti ọwọ́ bọ inú omi ìyá, kó dì í mú síbẹ̀ títí oró rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Mùsílímátù ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́nà tí kò lóǹkà. Omi náà ní àwọ̀ ewé, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá, òórùn rẹ̀ sì ti di òórùn owó lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan báyìí, àrọ̀ ńlá kan yí bìrí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ sì wọ inú àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún. Ó ti ọwọ́ bọ dúrọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó dì í mú síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó yọ ọ́, ó bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àtàǹpàkò náà ti tóbi tó ọmọ ìgbá. Ó fi híjáàbù bò ó, ó ń fi ọwọ́ òsì ta ọjà. Láàárọ̀ Sátidé, ìlà pupa kan ti ń gba inú apá rẹ̀ gòkè. Waliyah ló fà á lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì tó gbà á níbẹ̀ ń jẹ́ Mojúbàolú, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú.

"Kí ni ẹ fi fọ ọwọ́ yìí, Màmá?"

Mùsílímátù wo ògiri. "Omi."

"Omi wo?"

"Omi... omi ẹja."

Mojúbàolú gbé kálámù sílẹ̀. "Ẹja dá egbò sí yín lára, ẹ wá fi omi rẹ̀ fọ̀ ọ́. Bí olè bá fọ́ ilé yín lóru, òun náà lẹ máa pè pé kó wá ṣọ́ ilẹ̀kùn lójú mọ́mọ́?"

Waliyah fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde. Mùsílímátù kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fún un ní oògùn ọlọ́jọ́ mẹ́wàá, wọ́n sì ní bó bá fi ọjọ́ méjì sí i jáfara ni, ọ̀rọ̀ gígé ìka ni wọn ì bá máa sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn. Ó dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ó bẹ Waliyah pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Waliyah béèrè pé kí nìdí. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn Mùsílímátù kò tíì lórúkọ nígbà yẹn. Ó kàn mọ̀ pé ó ń wo dúrọ́ọ̀mù búlúù bí èèyàn ṣe ń wo ajá tirẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bù ú jẹ.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Agnes dé. Agnes ló ń se pẹpẹsúùpù ẹja nítòsí gáréèjì, ọ̀kan nínú oníbàárà Mùsílímátù tó pẹ́ jù sì ni. Kò kí i. Ó jókòó sórí àpótí, ó fa ojú ro kí gbogbo ọjà lè rí i.

"Ìyá Waliyah, ẹ ò ṣe mí dáadáa o. Èèyàn mẹ́fà ló jẹun lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló fi ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe yàrá. Festus ọkọ mi alára wà níbẹ̀. Ọkùnrin tí mo fẹ́ torí pé kì í kọ oúnjẹ, ó ti ń kọ oúnjẹ."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé... ṣé ẹja náà jinná?"

"Ṣé ẹja jinná? Èmi tí mo ti ń se ẹja kí ẹ tó mọ̀ mí? Ó jinná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sọ̀rọ̀. Mo gbé e kalẹ̀ láti inú bàsíà yín, mo gé e sórí pátákó, mo gé àlùbọ́sà àti kùkúḿbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè dára lójú, bí mo ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ìgbà." Ó sún mọ́ ọn. "Ẹ fọkàn tán mi. Wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé adágún yín nílé ti bàjẹ́. Wọ́n ní omi rẹ̀ ti kún fún àrùn. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

Mùsílímátù wo Agnes lójú, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ja mẹ́ta ló ti dákẹ́ láti gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dì wà lábẹ́ híjáàbù, ó ń lù kì-kì-kì. Ó ronú kan pátákó Agnes, ó ronú kan àlùbọ́sà tútù tí iná kò kàn. Ó ronú kan omi tó wá nínú bàsíà.

Ó mi orí sókè sódò, bí ẹni tó gbà.

Mímì orí yẹn ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sọ̀rọ̀ rárá, ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Ìkòròdú ti gbọ́ pé Ìyá Waliyah, ọmọ Òkè-Adágún gan-an, ti jẹ́rìí pé adágún wọn ní àrùn. Ọ̀rọ̀ náà gba Ìjẹ̀dẹ̀ kọjá, ó ṣíwájú bọ́ọ̀sì dé Ẹ̀pẹ́. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ẹni tó ń ra ẹja Òkè-Adágún mọ́, ì báà jẹ́ àrọ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀pìyà. Àwọn obìnrin ń bi apẹja pé níbo ló ti pa á, bó bá ti dárúkọ adágún, wọ́n á gbé bàsíà wọn.

Bàdírù pè é lórí fóònù. Ẹ̀rín ni Bàdírù fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó máa ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìyá Dúrọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ yẹn, kò pè é bẹ́ẹ̀.

"Alága wa, Álíájì Zikrullah, ti pe ìpàdé sí ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun. Wọ́n fẹ́ ti adágún pa. Wọ́n máa ta okùn dí ẹnu rẹ̀, kò sí ọkọ̀ tó máa wọ̀ ọ́ fún ọdún kan."

"Ọdún kan? Kí ni ẹ máa..."

"Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ mi ní Ìbẹ̀ṣẹ̀. Mo máa bá àwọn tó ń kọ́lé lọ, mo máa ru búlọ́ọ̀kù. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Mo ní irọ́ ni. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ̀rọ̀, báwo ló ṣe máa wá sọ ìyẹn?"

Mùsílímátù di fóònù mú títí ó fi gbóná sí i létí. Bàbá wọn ló gbẹ́ ọkọ̀ yẹn. Nígbà tí bàbá náà kú, Bàdírù ṣì kéré débi tí kò lè gbé àjẹ̀ nìkan, òun Mùsílímátù ló ń jókòó sí ìdí ọkọ̀ kí àbúrò rẹ̀ lè kọ́ iṣẹ́.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mọ́fẹ́yìsára wá sí ibi ọjà rẹ̀. Ọmọ Ọ̀ṣun ni, ó háyà yàrá ní Ìkòròdú, ó ń ṣe ìwádìí fún ìwé tó ń kà ní yunifásítì. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, ó ti wá bu omi díẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù búlúù sínú ìgò kékeré, ó kọ nọ́ńbà sí ara ìgò náà, ó sì ra ẹja kan. Ó bu omi adágún pẹ̀lú, ó bu ti inú ọkọ̀ àwọn apẹja, ó bu ti dúrọ́ọ̀mù àwọn ẹlòmíràn. Ó ti ṣèlérí pé òun á mú èsì wá fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ ṣì fẹ́ gbọ́ ọ?"

Mùsílímátù fẹ́ sọ pé òun kò fẹ́. "Jókòó," ló sọ.

Mọ́fẹ́yìsára kò mú ìwé jáde. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní kòkòrò tí ojú kò lè rí wà nínú gbogbo omi tí ẹja ń gbé, adágún Òkè-Adágún náà kò yọ sílẹ̀, nítorí ìgbẹ́ ẹran àti ìdọ̀tí ilé máa ń wọ inú rẹ̀ nígbà òjò. Ṣùgbọ́n ó ní adágún tóbi, omi rẹ̀ ń wọlé ó ń jáde, kòkòrò inú rẹ̀ kò pọ̀ tó bí ariwo tí wọ́n ń pa. Inú dúrọ́ọ̀mù ló ti bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣe àpèjọ.

"Omi tó dúró sójú kan, mà, tí ẹja ń yàgbẹ́ sí, tí wọ́n ń bu omi tuntun lé lórí, àwọn kòkòrò á máa jẹ, wọ́n á máa bí. Èyí tó ṣẹ́ kù lónìí ló ń ran tọ̀la. Bí ẹni tó ní egbò bá tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á wọlé. Bí ó bá kan nǹkan tí wọ́n ń jẹ ní tútù, wọ́n á bá a lọ sínú ikùn."

"Ti... ti ta ló pọ̀ jù?"

"Nọ́ńbà ni mo kọ sí ara ìgò, mà. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni fún ẹnikẹ́ni, bí wọ́n tiẹ̀ bú mi."

"Nọ́ńbà wo?"

Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀. "Mẹ́rìnlá."

Mùsílímátù rántí dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ló di ìgò náà mú nígbà tí ọmọbìnrin náà ń fi gègé kọ mẹ́rìnlá sí i lára. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ọmọbìnrin yìí kò ní sọ. Bí òun náà bá dákẹ́, adágún á ru ẹrù náà, òun á wá ẹja níbòmíràn, dúrọ́ọ̀mù búlúù á sì máa bá orúkọ rẹ̀ lọ.

"Bí mo bá da omi náà nù," ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, "ẹja mi máa kú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, mà?"

Ìbéèrè náà jókòó tì í lẹ́yìn tí Mọ́fẹ́yìsára ti lọ.

Mùsílímátù kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ẹja, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan láìsọ̀rọ̀. Láàárọ̀ Túsìdeè, ó gbé bàsíà ńlá méjì sí ẹ̀yìn ilé. Ó bu omi ìyá sí ọ̀kan, ó sì bu omi kànga lé e lórí, bó ṣe máa ń ṣe. Ó fi ọṣẹ fọ èkejì, ó pọn omi kànga nìkan sí i, ó jẹ́ kí omi náà dúró títí di ọ̀sán. Ó wá kó àrọ̀ mẹ́rin sí ìhín, mẹ́rin sí ọ̀hún, láti inú ẹja kan náà tí ó rà lọ́jọ́ kan náà. Ó fún wọn lóúnjẹ kan náà. Ó ń pààrọ̀ omi méjèèjì láràárọ̀: ó ń ṣẹ́ ti ìsàlẹ̀ ọ̀kan kù, ó ń da ti èkejì nù pátápátá. Waliyah béèrè pé kí ló ń ṣe. Ó ní, "Mò ń wò ó."

Ọjọ́ kìíní, ó dúró tì wọ́n bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò. Ó ń retí kí ẹja inú omi tuntun yí ikùn sókè. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ń fi ìrù na bàsíà débi tí omi ń ta sí i lára. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọ̀kan nínú bàsíà omi ìyá ti dojú ikùn sókè. Ó gbé e. Ojú egbò pupa, yíká bí bọ́tìnnì, wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìdí ìrù rẹ̀ sì ti fọ́. Ó ti rí irú egbò yìí rí, ọ̀pọ̀ ìgbà. Ó máa ń tètè gé wọn, á ta wọ́n ní ẹ̀dínwó fún àwọn tó ń yan ẹja. Kò fìgbà kan béèrè ohun tó fà á.

Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, láàárín bàsíà méjèèjì. Nǹkan kan tó yàtọ̀ sí ẹ̀rù ni ó kún inú rẹ̀. Ó ti rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i, kì í ṣe pé wọ́n sọ ọ́ fún un. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi gba ọ̀rọ̀ gbọ́, ó wá fi ọjọ́ mẹ́ta mọ̀.

Ó pe Mọ́fẹ́yìsára, ó ní kó wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń da omi náà nù. Ọmọbìnrin náà wá. Ó ní wọn kò gbọ́dọ̀ dà á sí gọ́tà tàbí sínú adágún. Wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn sí ẹ̀yìn ilé, jìnnà sí kànga, wọ́n da oògùn apakòkòrò sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́, wọ́n sì dà á sínú kòtò. Mùsílímátù wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha inú dúrọ́ọ̀mù náà. Ohun tó ń bọ́ jáde nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń jẹun. Ó sá a sínú oòrùn. Nígbà tó gbẹ, búlúù inú rẹ̀ mọ́ ju ti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó gbé dúrọ́ọ̀mù gbígbẹ náà wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ Ẹ̀pẹ́. Ó mú garawa kan tí àrọ̀ méjì láti inú omi tuntun ń jà nínú rẹ̀, ó sì fi ọ̀rá di ẹja tó ní egbò, ó tẹ̀ ẹ́ sínú yìnyín. Awakọ̀ bi í pé ṣé wọ́n ti lé e lọ́jà ni. Ó wo ojú ọ̀nà.

Abẹ́ búkà ńlá tó wà ní èbúté ni wọ́n ti ṣe ìpàdé. Álíájì Zikrullah, alága àwọn apẹja, jókòó sáàárín. Okùn tuntun tí wọ́n fẹ́ fi dí adágún wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ká bí ejò. Ìyá Hàbíbàt jókòó lórí àga aláṣọ, tẹ̀súbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàdírù dúró sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́, kò wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Mùsílímátù wọlé pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù lórí, apẹja kan tó ń jẹ́ Ọláwuyì gbé ohùn sókè.

"Ẹ káàbọ̀, ẹlẹ́rìí. Ẹ ti fi orí pa wá lẹ́ẹ̀kan, ṣé ẹ wá fi ẹsẹ̀ parí ẹ̀ ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mùsílímátù sọ dúrọ́ọ̀mù kalẹ̀ níwájú alága, ó yí ẹnu rẹ̀ sí wọn kí gbogbo wọn lè rí inú rẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ló kọ́kọ́ dákẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì rí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù Ìyá Waliyah rí. Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbà Ìyá Hàbíbàt dúró lójú kan.

"Mo ti da omi ìyá nù," ni Mùsílímátù wí.

"Tán?" ni obìnrin kan bi í.

"Tán."

Lẹ́yìn náà, ó sọ̀rọ̀. Kò dùn létí, ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó ń dúró, ó ń padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ó sọ pé wọ́n yẹ omi dúrọ́ọ̀mù òun wò pẹ̀lú omi adágún, tòun ló burú jù. Ó sọ ọ̀rọ̀ Agnes àti pátákó rẹ̀ àti àlùbọ́sà tútù. Ó tú aṣọ ara àtàǹpàkò rẹ̀, ó na ojú egbò náà sí wọn. Ó sọ pé òun ló mi orí nígbà tí wọ́n bi òun bóyá adágún ló bàjẹ́, òun sì mọ̀ lọ́kàn òun nígbà náà pé ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ adágún. Ó gbé ẹja elégbò jáde nínú yìnyín, ó fi hàn wọ́n. Ó ṣí garawa.

"Èyí ni omi kànga nìkan. Ọjọ́ kẹrin rẹ̀ rèé. Ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́... rárá, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ kàn wò ó."

Àrọ̀ inú garawa fi ìrù na omi, ó ta sí aṣọ funfun Álíájì. Ẹ̀rín sọ lẹ́ẹ̀kan náà, ti àwọn tó ti ń bínú pàápàá.

Álíájì nu aṣọ rẹ̀. "Adágún wá mọ́ nìyẹn?"

"Kò mọ́ tó bí ó ṣe yẹ, Álíájì. Kò sí omi tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹran yé wá mu nínú rẹ̀. Kí a fọ ọwọ́ wa, kí a se ẹja wa jinná, kí a má fi ọ̀bẹ ẹja gé ohun tútù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló pa Agnes lára. Èmi ni. Mo máa padà sọ ọ́ ní Ìkòròdú bí mo ṣe sọ ọ́ níbí. Láàárọ̀ ọ̀la, níwájú dúrọ́ọ̀mù mi."

Alága wo okùn ẹsẹ̀ rẹ̀ títí. Ó tì í pẹ̀lú ẹsẹ̀ sábẹ́ àga. "Ẹni tó bá fẹ́ wọ omi lọ́la kó wọ̀ ọ́," ó wí. Níbi tí àwọn ọ̀dọ́ dúró sí, Bàdírù ti gbé fóònù sétí, ó ń sọ fún ẹnìkan ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ pé kó má bínú, ọkọ̀ náà kò sí ní títà mọ́. Ó wá wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ìyá Dúrọ́ọ̀mù," ó pè é, jẹ́jẹ́.

Mùsílímátù rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n Ọláwuyì kò tíì jókòó.

"Ọ̀rọ̀ kan kù, Álíájì. Omi ìyá yìí kò já bọ́ láti ọ̀run. Ẹnìkan ló bu ún fún un. Ẹni náà ti bu fún ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kó dárúkọ wọn, ká mọ dúrọ́ọ̀mù tó kù."

"Òótọ́ ni," ni alága wí. "Ta ló kọ́ ọ, Ìyá Waliyah? Àwọn wo ló tún ń ṣe é?"

Kò sí ẹni tó wo Ìyá Hàbíbàt, bí àwọn èèyàn kì í ti í wo ohun tí gbogbo wọn mọ̀. Mùsílímátù náà kò wò ó. Ó rántí ọjọ́ tó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ bá a, ọ̀dọ́bìnrin tí kò ní nǹkan kan, tó lóyún Waliyah sínú, àti bí obìnrin náà ṣe kọ́kọ́ bu omi tútù fún un mu kó tó bu tẹja. Ó fọkàn rere kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n fọkàn rere kọ́ òun náà.

"Mo ti sọ tèmi," ó wí.

"A ti gbọ́ tìẹ," ni alága wí. "Orúkọ la ń béèrè."

Ní ẹ̀gbẹ́ kan, Ìyá Hàbíbàt fi tẹ̀súbà sápò. Ó di apá àga mú, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́.

"Bá mi wá ọkọ́," ó wí, ohùn rẹ̀ kò sókè. "Mo ní kòtò kan tí mo fẹ́ gbẹ́ sẹ́yìn ilé."

Ó kọjá láàárín wọn, ó ń fi ọwọ́ ti èjìká èèyàn. Obìnrin mìíràn dìde, ó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn rẹ̀, méjì. Ọláwuyì wò wọ́n títí wọ́n fi yà sí ìdí àgbọn, ó wá yí padà, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ìyá Waliyah. Ṣé òun ni?"

Mùsílímátù dojú dúrọ́ọ̀mù dé, ó jókòó lé e lórí. Ó fi híjáàbù bo ọwọ́ tó ń dùn ún. Ó wo adágún, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń tẹ ojú omi.

"Mo ti sọ tèmi, Bọ̀dá Ọláwuyì," ó wí. "Mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."